Iná ti rí i, ìbọn ò dé ibẹ̀: ẹ̀yin ọdẹ Òṣogbo, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ọdẹ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ọdẹ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ògún á gbè wá. Àwọn iná orí tuntun tó ń lo bátìrì yìí ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ayé kábáìdì ni wọ́n ti kọ́ mi lọ́dẹ. Iná kábáìdì kì í lọ jìnnà. Bí ojú ẹran bá ti tàn nínú rẹ̀, ibi tí ìbọn lè dé lẹran náà wà. Iná yẹn fúnra rẹ̀ ló ń bá wa wọn ọ̀nà. Ní báyìí, ọmọ tó ra iná lọ́jà lánàá á tàn án, á rí ojú méjì tó ń kọ mànà lódìkejì odò, á ní ẹran dé. Ẹran dé lóòótọ́, àmọ́ ìbọn ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹran.

Ojú tó ń tàn lóru kì í sọ bó ṣe jìnnà tó. Ojú ẹtu tó wà nítòsí àti ojú màlúù Fúlàní tó wà lókèèrè lè jọra pátápátá lójú ẹni tí oorun ń kùn. Bàbá mi ò ka mítà rí láyé wọn. Òfin tiwọn ni pé bí o ò bá rí etí ẹran lọ́tọ̀, kí o rí imú rẹ̀ lọ́tọ̀, o ò gbọdọ̀ fà á. Nígbà tí mo dàgbà tí mo ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, kò sí èyí tó kọjá ogójì ìgbẹ́sẹ̀. Dọ́bù-bárẹ̀lì ni ìbọn wọn, ó sì ní láísẹ́ǹsì. Àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dìgbà tí ẹran bá kí wọn kí wọ́n tó yìn ín. Ẹ̀gbin nìyẹn, àmọ́ ẹran tí bàbá bá yìn, ojú ibẹ̀ ló ń kú sí.

Ẹnì kan tí a jọ lọ sọ́nà Ìbòkun yìn ẹtu láti òkèèrè. Ìbọn bà á, torí irun já sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ewé. Mo tan iná sún mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà: ó dúdú, koríko jíjẹ wà nínú rẹ̀. Ikùn ló ti bà á. Ẹran tí wọ́n bá yìn níkùn kì í ṣubú bọ̀rọ̀, ó lè rìn títí ilẹ̀ á fi mọ́. A tọpa rẹ̀ títí, a ò rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni òórùn mú àgbẹ̀ kan dé ìdí rẹ̀. Ẹran ṣòfò, kátíríìjì ṣòfò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ ti ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́?

Atúnbọnṣe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àríyànjiyàn yìí ò ṣòroó parí. Ẹ wá páálí fíríìjì, ẹ fa òbìrìkìtì tó fẹ̀ tó ínǹṣì 30 sí i lára, ẹ gbé e dúró ní yáàdì 40, ìyẹn bíi mítà 36 àtààbọ̀. Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ka ihò. Bí àwọn tó ń ṣe ìbọn lókè òkun ṣe ń dán an wò nìyẹn. Ìbọn ẹnu gbọọrọ, ìyẹn èyí tí wọn ò fún ẹnu rẹ̀ kó tóóró rárá, nǹkan bí 40 nínú 100 kóró ọta inú kátíríìjì ló máa ń wọnú òbìrìkìtì. Èyí tí wọ́n fún ẹnu rẹ̀ dáadáa á kó tó 70 wọlé. Ẹ wá sún páálí náà sẹ́yìn dé yáàdì 60, ìyẹn mítà 55. Ti ẹnu gbọọrọ á já sí bíi 18, ti ẹnu fífún á já sí bíi 32.

Kátíríìjì nọ́ńbà 6, oníkóró wẹ́wẹ́, tí ọta inú rẹ̀ wọn gíráàmù 32, kóró inú rẹ̀ á tó 250, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn á rò pé yanturu ni. Mo gé àwòrán orí àti ọrùn ọ̀yà, torí ohun tó sábà máa ń yọ nínú koríko náà nìyẹn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín páálí. Ní mítà 55, kóró méjì péré ló bà á, ọ̀kan sì rèé ní ṣóńṣó etí. Àwọn oníbàárà mi tó wà níbẹ̀ kàn ń wo ara wọn.

Kì í sì í ṣe iye kóró nìkan. Kóró wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ rẹ̀. Kí nọ́ńbà 6 tó dé yáàdì 40, eré tó bá jáde lẹ́nu ìbọn ti ń sún mọ́ ìdajì. Bí eré bá sì ti di ìdajì, agbára tó fi ń wọra di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá kóró lábẹ́ awọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kun ẹran, tí kò dé eegun.

Ọdẹ Alẹ́ Ìlobù

Tèmi kò gùn. Mo so aṣọ funfun mọ́ igi méjì-mẹ́ta yíká ibi tí mo máa ń dènà sí, ní ọgbọ̀n ìgbẹ́sẹ̀. Ojú tó bá tàn kọjá aṣọ yẹn, mo máa ń wò ó níran ni. Iná orí mi náà, èyí tó rẹlẹ̀ jù ni mo ń lò. Ẹni tó ń lo ṣakabùlà kó tún dín in kù sí i. Ẹ̀tù tí wọ́n fọwọ́ bù, irin gígé tí ò dọ́gba: kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ.

Atamátàsé

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi fi SG, kátíríìjì ọlọ́ta ńlá, pa ìgalà níbi tó lé ní mítà 70, ẹlẹ́rìí wà. Ọta ńlá kì í ṣe ẹgbẹ́ nọ́ńbà 6.

Atúnbọnṣe

Àbúrò, mi ò pè ọ́ ní elékèé. Mélòó ló ba ìgalà?

Atamátàsé

Ẹyọ kan. Ọrùn.

Atúnbọnṣe

SG, kóró mẹ́sàn-án ló máa ń wà nínú gíráàmù 32, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mílímítà 8. Nínú ìbọn ẹnu gbọọrọ, ní yáàdì 40 péré, wọ́n ti lè tú ká tó mítà kan. Àlàfo tó wà láàárín wọn, ẹtu á gbabẹ̀ kọjá láìfarapa. Ní 70, orí rẹ ló bá ọ ṣe é. Àwọn mẹ́jọ tó kù dà?

Ìyá Onígàrí

Èmi lè sọ ibi tí wọ́n máa ń lọ. Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi kì í ṣe ọdẹ, ọkọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Lẹ́yìn Ìdó-Ọ̀ṣun ni oko ẹ̀gẹ́ wa wà, ibẹ̀ náà la ti ń yan gàrí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a gbọ́ ìbọn lókèèrè, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ká tó mọ nǹkan kan, páánù ahéré ti ń dún ṣárá-ṣárá. Ọ̀kan bọ́ sínú agbada níwájú mi. Mo fi igbá wa á jáde: kóró dúdú, kò tó ẹyọ ọkà bàbà. Gàrí inú agbada yẹn, dídà la dà á nù.

Àbúrò ọkọ mi lọ bá wọn. Àparò ni wọ́n ń yìn bó ṣe ń fò, wọ́n sì jìnnà sí wa tó ohun tí a fi ń pariwo pe èèyàn. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ahéré wà níbẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ ọta ńlá ńkọ́? Wọ́n ń wolẹ̀.

Atúnbọnṣe

Ẹ kú ewu, Mà. Nọ́ńbà 6 tí wọ́n gbé ẹnu ìbọn rẹ̀ sókè lè rìn tó mítà 200 kó tó balẹ̀. Kì í lágbára mọ́ nígbà yẹn, àyàfi tó bá bọ́ sójú èèyàn. SG lè kọjá mítà 600, ìyẹn kì í ṣeré rárá. Ibi tí ìbọn ti lè pa ẹran kúrú, ibi tó ti lè ṣe èèyàn léṣe gùn jù ú lọ fíìfíì.

Ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèwọ̀ ni ọdẹ nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹja inú odò pàápàá kò ṣeé pa. Èyí ti wà tipẹ́ kí UNESCO tó kọ igbó náà sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005. A ò sì kórìíra ọdẹ o, ṣebí ọdẹ ni Tìmẹ́hìn tí wọ́n ní òun àti Láròóyè ló tẹ ìlú yìí dó. Ẹran tí wọ́n bá yìn láàbọ̀ lóko ẹ̀bá ibẹ̀, inú igbó yẹn ló ń sá wọ̀. Mo rí ọdẹ kan tó dúró létí igbó láti àárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹran rẹ̀ wọlé níwájú rẹ̀, kò lè wọlé tọ̀ ọ́. Ó ń bẹ àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n bá òun wò ó. Ta ni fẹ́ bá a wò ó?

Atamátàsé

Ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀, mo sì gbọ́ ti Mama. Ṣùgbọ́n ìgalà yẹn, a jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n Atúnbọnṣe, ẹ gbé páálí yín síta ní Sátidé, mo máa wá yìn SG ní mítà 70 níṣojú yín.

Atúnbọnṣe

Máa bọ̀. Òkè wà lẹ́yìn oko mi, kóró ò ní kọjá rẹ̀. Kátíríìjì tìẹ ni kó o mú dání o, mi ò ní fi tèmi tọ́rẹ, ó ti wọ́n jù.