Ìbora ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ ní kókó: ojú mélòó ni kí n kó sórí abẹ́rẹ́?

Àdùkẹ́ Aṣèrò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Aṣèrò ni mò ń gbé, ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóyún, oṣù Kejìlá ni wọ́n ní yóò bí, ẹ sì mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń mú láàárọ̀ nígbà yẹn. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi hun ìbora fún ọmọ náà. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Pléènì àti pọ́ọ̀lù, oríṣi ojú méjì tí wọ́n kọ́ wa láti hun nílé ìwé, nìkan ni mo mọ̀. Mo ra òwú lọ́jà Kútọ̀, àwọ̀ ewé tó ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, bọ́ọ̀lù mẹ́ta, gíráàmù 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akírílìkì, ìyẹn òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ni wọ́n kọ sára ìwé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi jẹ́ mílímítà 5. Mo hun díẹ̀ wò, ìlà kan pléènì, ìlà kejì pọ́ọ̀lù. Ó dán, ó wù mí lójú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ká bí ẹní. Ṣé kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ ni?

Ohun tí mò ń wá ni èyí tó rọrùn, tí ọwọ́ á máa bá lọ láì wo ìwé, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ò ní tẹ́jú lásán. Mo fẹ́ kí èèyàn fọwọ́ pa á lára kó mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ojú mélòó ni kí n kó? Ṣé òwú mi máa tó?

Màmá Tíṣà, Ìbarà

Àdùkẹ́, o kú ìmúra. Ọlọ́run á sọ ẹ̀gbọ́n rẹ kalẹ̀ láyọ̀. Home Economics ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn pé ẹnì kan ṣì ń bèèrè irú ọ̀rọ̀ yìí.

Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù kàn án rárá. Akírílìkì kì í ṣe àǹkárá. Ooru á pa á, á rọ jọ̀jọ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Kíká tó ń ká yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi òwú, kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ rẹ. Bí o ṣe hun ún, gbogbo ojú dídán ló bọ́ síwájú, gbogbo kókó ló bọ́ sẹ́yìn, ìhà méjèèjì wá ń fa ara wọn. Ìdí nìyẹn tí òkè àti ìsàlẹ̀ fi ń ká síwájú, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ń ká sẹ́yìn. Bí o bá pín kókó àti ojú dídán dọ́gba sí iwájú àti ẹ̀yìn, aṣọ náà á tẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Moss stitch ni kó o ṣe. Pléènì kan, pọ́ọ̀lù kan, pléènì kan, pọ́ọ̀lù kan, títí dé òpin ìlà. Kó iye ojú tí kò ṣeé pín sí méjì, nítorí bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà ni wàá máa fi pléènì bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlà ni wàá sì máa fi pléènì parí. Kò sí pé ò ń rántí ìlà wo lo wà. Kókó wẹ́wẹ́ á bo gbogbo ara rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn á sì jọra, èyí tó dára fún ìbora torí kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn ìbora kó tó fi bo ọmọ.

Bí wọ́n bá pè ọ́ nígbà tó o wà láàárín ìlà, tó o padà dé tí o ò mọ èyí tó kàn, wo ojú tó wà ní ṣóńṣó abẹ́rẹ́ òsì. Bí kókó bá wà lọ́rùn rẹ̀, pléènì ló kàn. Bí ọrùn rẹ̀ bá dán, tó la ẹsẹ̀ bíi lẹ́tà V, pọ́ọ̀lù ló kàn. Kókó ń di dídán, dídán ń di kókó. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn lójú ò nílò ìwé mọ́.

Ibi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ti máa ń ṣì ni gbígbé òwú síwá sẹ́yìn. Fún pléènì, òwú á wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Fún pọ́ọ̀lù, á wà níwájú. Àárín ṣóńṣó abẹ́rẹ́ méjèèjì ni kó o máa gbé e gbà. Bó bá gba orí abẹ́rẹ́ kọjá, ojú kan ti kún un láìmọ̀ nìyẹn, ihò kékeré á sì yọ sí i. Torí náà, kó o tó yí abẹ́rẹ́ padà ní òpin ìlà, wo ojú tó gbẹ̀yìn. Pléènì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá bọ́ sí pọ́ọ̀lù, inú ìlà yẹn tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tú u padà ní ojú kọ̀ọ̀kan títí wàá fi bá a. Má sọ pé ìlà tó ń bọ̀ á bò ó, kò ní bò ó.

Ní ti iye ojú, abẹ́rẹ́ mílímítà 5 pẹ̀lú òwú tó nípọn níwọ̀nba máa ń fúnni ní nǹkan bí ojú 16 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ìbora tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75, tó gùn tó 90, dára fún ọmọ jòjòló. Ìyẹn jẹ́ ojú 120. Fi ọ̀kan kún un, ó di 121. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ lè le ju tèmi lọ, ó sì lè rọ̀ jù ú lọ. Kọ́kọ́ kó ojú 25, hun ún títí á fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 12, tẹ́ ẹ sórí tábìlì láì fà á, kó o fi rúlà ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín rẹ̀. Bó bá jẹ́ 18, ojú 135 ni kó o kó. Bó bá jẹ́ 14, kó 105.

Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ò ní tó. Ìbora tó tó báyìí máa ń jẹ gíráàmù 400 sí 500. Tètè padà sọ́dọ̀ olówú rẹ, mú ìwé ara bọ́ọ̀lù dání, wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀, ìyẹn nọ́ńbà aró. Bí nọ́ńbà méjì ò bá bára mu, ewé méjèèjì lè jọra nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ìyàtọ̀ wá hàn gbangba nígbà tẹ́ ẹ bá sá a sóòrùn. Bí kò bá sí irú rẹ̀ mọ́, ra funfun méjì, fi bẹ̀rẹ̀, fi parí, kí ewé wà láàárín.

Ọmọ Láfẹ́ńwá

Màmá, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Èmi fẹ́ràn èyí tó dà bí apẹ̀rẹ̀ ju moss lọ, torí ó máa ń yára. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kó ojú 128. Ojú 4 àkọ́kọ́ àti 4 tó gbẹ̀yìn, pléènì ni nígbà gbogbo, kí ẹ̀gbẹ́ lè dúró. Láàárín wọn, pléènì 5, pọ́ọ̀lù 5, fún ìlà 6. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà, pọ́ọ̀lù 5, pléènì 5, fún ìlà 6 míì. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa pààrọ̀ wọn lọ. Ìlà 6 pléènì nìkan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi parí.

Bẹ́ ẹ bá rí abẹ́rẹ́ tí wáyà rọ́bà so méjèèjì pọ̀, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80, ẹ rà á. Ẹ má so iṣẹ́ náà pọ̀ di róbótó o, àlọ-àbọ̀ ni kẹ́ ẹ máa hun ún. Ìwúwo ìbora á wà lórí itan yín dípò ọrùn ọwọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ fi wáyà kẹ̀kẹ́ ṣe é. Nǹkan bíi mílímítà 2 ni wáyà kẹ̀kẹ́, òwú yín á le gan-an lórí rẹ̀.

Aládìrẹ Ìtòkú

Àwọn kan máa ń gbé aṣọ wúùlù tí wọ́n hun tán wá bá wa pé ká pa á láró. Bó bá wà lọ́kàn yín, ẹ má ṣe é pẹ̀lú akírílìkì yẹn. Aró ẹ̀lú ò ní mú un, á kàn ṣàn dànù ni. Ti irun àgùntàn náà léwu, torí kọ́sítíìkì sódà tí à ń lò nínú aró wa máa jẹ ẹ́.

Òwú kọ́tìnì ló gba aró dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ búlúù gidi, kó kó òwú rẹ̀ wá kó tó hun ún. Ẹ fi okùn dè é níbi mélòó kan, kó má le jù, kí aró lè ráyè wọlé, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó tutù dénú. Bó bá jáde nínú ìkòkò, ewé ló máa dà bí ẹni ṣe, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á sì di búlúù níṣojú yín. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kedere, nítorí ọmọ máa fi sẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì Àdìgbẹ

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí torí ọmọ jòjòló ni. Ẹ má fi ìbora sílẹ̀ lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 níbi tó bá sùn sí, pàápàá lóru. Ó lè bò ó lójú, kó dí i ní imú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà náà kìlọ̀ pé kí ohun rọ̀gbọ̀dọ̀ kankan má wà nídìí ọmọ tó ń sùn. Aṣọ tó bò ó dẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún un.

Ìgbà tí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín, tójú yín sì wà lára rẹ̀, ni ìbora yìí wúlò. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, òwúrọ̀ kùtù lẹ máa jáde, ẹ ó sì rí i pé inú ìyá rẹ̀ á dùn sí i. Ẹ má fi wajawaja sí etí rẹ̀, ẹ má rán bọ́tìnì mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi fara mọ́ moss tí Màmá sọ nìyẹn: kò ní ihò tí ìka ọmọ á há sí.

Àdùkẹ́ Aṣèrò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo wọn tèmi, 16 géérégé ni, moss ni mo sì mú. Olówú ṣì ní bọ́ọ̀lù méjì tí nọ́ńbà aró wọn bá tèmi mu, mo ti kó wọn.

Màmá, ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni mo ṣe máa so bọ́ọ̀lù tuntun mọ́ èyí tó tán? Èkejì, mo pa èyí tí mo fi wọn dé kúrò lórí abẹ́rẹ́, etí òkè rẹ̀ fún pọ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ.

Màmá Tíṣà, Ìbarà

O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Má ta kókó sí àárín ìlà, kókó yẹn máa yọrí síta lọ́jọ́ kan. Bí òwú tó kù bá ti kéré sí ìlọ́po mẹ́rin fífẹ̀ ìbora, fi í sílẹ̀ sí etí, kó o fi bọ́ọ̀lù tuntun bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn. Fi ìrù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ lára méjèèjì. Bó o bá hun ún tán, fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí ojú rẹ̀ tóbi rán ìrù náà gba abẹ́ àwọn kókó lọ, kó o yí i padà gba ọ̀nà míì, kó o tó gé e. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, fífọ̀ á fà á yọ.

Ní ti etí tó fún, má fi pléènì nìkan pa á dé. Máa hun pléènì kan, pọ́ọ̀lù kan bó o ṣe ń pa á dé lọ, kó o sì fi abẹ́rẹ́ mílímítà 6 sọ́wọ́ ọ̀tún fún ìlà yẹn nìkan.