Ọmọ mi ní coeliac: báwo lẹ ṣe ń jẹun lóde?

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù Kẹta ni dókítà sọ fún wa pé coeliac ló ń ṣe Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún 9. Tó bá ti jẹ àlìkámà, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa ń bá ìfun ẹ̀ jà. Inú wíwú, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ tí ò tó: ọdún méjì gbáko la fi ń lo oògùn aràn!

Nínú ilé, ó ti ń lọ. Àmàlà, ẹ̀bà, iyán, mọ́ínmọ́ín, kò sí àlìkámà nínú ìkankan. Sẹ́mó nìkan la lé jáde, ó sì dun bàbá wọn ju ọmọ lọ.

Òde ni wàhálà. Sátidé tó kọjá, a lọ síbi ìkómọjáde. Mo gbé oúnjẹ tiẹ̀ dání. Màmá mi, tó wá kí wa láti Ìbàdàn, rí i tó ń wo pọ́fù-pọ́fù lọ́wọ́ Táíwò. Bí mo ṣe kẹ̀yìn báyìí, wọ́n já díẹ̀ fún un. "Èyí tí ò tó èékánná yìí?" Ká tó délé, ó ti bì sínú mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màmá ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ilé oúnjẹ ńkọ́? Bí mo bá bèèrè, wọ́n á ní "Àǹtí, kò sí fúláwà ńbẹ̀." Kí lẹ máa ń bi wọ́n gan-an? Kí ni mo sì fẹ́ sọ fún Màmá tí ò ní dà bí àfojúdi?

Alásè Woolwich

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ìbejì. Èmi ń se oúnjẹ òde. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fúláwà sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú páálí màgí wá, torí àwọn kan ní àlìkámà. Ẹ bèèrè bóyá òróró tí wọ́n fi dín pọ́fù-pọ́fù ni wọ́n fi dín dòdò.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rántí ni ọmọorógùn. Ọ̀kan náà ni mo fi ń ro sẹ́mó tí mo fi ń ro ẹ̀bà, mo kàn ń ṣan án lómi ni. Igi ni, ó lójú, sẹ́mó a máa há síbẹ̀. Ìgbà tí oníbàárà kan bi mí lojú tó tì mí. Mo ti ra òmíràn.

Òfin Ìlú Ọba yìí ní ká lè sọ èyí tó wà nínú oúnjẹ wa lára nǹkan 14 tó máa ń bá ara jà, ọkà tó ní gluten (èròjà inú àlìkámà, ọkà báálì àti rye tó ń da ẹni tó ní coeliac láàmú) sì wà lára wọn. Tí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ gbé báàgì yín.

Bọ̀dá Manchester

Èmi náà ní in. Ẹ ṣọ́ra fún mọ́ọ̀tì o, ọkà báálì ni. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Táíwò àti tẹ̀yin òbí wò, àmọ́ kí ẹ má tíì jáwọ́ nínú búrẹ́dì kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí àìsàn náà má lọ fi ara pamọ́.

Ní ti Màmá, ẹ pè é ní èèwọ̀ ọmọ. Ta ló ń bèèrè pé èèwọ̀ ti kéré tó?

Ìyá Dámi, Ṣúrùlérè

Ẹ̀yin tiẹ̀ ní òfin! Níbí, abọ́ tèmi ni mò ń gbé kiri. Wọ́n ní mo ń ṣakọ. Kí wọ́n máa wí.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ ṣé gan-an. Mo sọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yẹn. Màmá ní díákónẹ́ẹ̀sì làwọn, ká má kó ìyẹn wálé. Àmọ́ lánàá, mo bá wọn ní kíṣìnì, wọ́n fi awò ojú wọn ka ẹ̀yìn páálí bísíkíìtì, ìka wọn wà lórí ìlà kan. "Kí ni wọ́n ń pè ní *rye*?"