Gbogbo àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi ń padà sí 2012, ẹ gbà mí o

IyaIbeji_Agbowo:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní ní Agbowó, ní Ìbàdàn, a ń táìpù, a ń ṣe fọ́tòkópì, a ń bá àwọn ọmọ yunifásítì print project, gbogbo ẹ̀ náà ni. Desktop tókunbọ̀ kan ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́ta, kò yọ mí lẹ́nu rí àfi láti bí oṣù kan sẹ́yìn. Tí n bá ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ tí mo pa gbogbo iná lára ògiri, tó bá di àárọ̀ tí mo tàn án, ojú dúdú ló máa kọ́kọ́ gbé wá, á kọ òyìnbó rẹpẹtẹ pé aago ò tọ̀nà kí n tẹ F1. Tí n bá tẹ̀ ẹ́ á wọlé o, àmọ́ January 1, 2012 ló máa wà. 2012! Mi ò tíì bí àwọn ìbejì mi nígbà yẹn.

Tó bá ti wà bẹ́ẹ̀, Google ò ní ṣí, gbogbo ibi tí n bá fẹ́ wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ní kò sí ààbò níbẹ̀, oníbàárà á sì dúró lé mi lórí. Mo pe ẹnjiníà kan, kò tiẹ̀ tú u, ó kàn wò ó bí ìṣẹ́jú méjì ó ní motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀ yẹn, ti kú, kí n lọ wá 45,000. Mo ní tó bá ti kú, kí ló ń gbé e dìde lójoojúmọ́? Ó ní mi ò lè mọ̀.

Èkejì, lọ́jọ́ Tuesday mo tàn án, fáànù ń yí, mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri, ó wá ń ké píì píì píì. Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ (kí Ọlọ́run dárí jì mí), ó bá wá. Ẹ̀kẹta, ibi tí wọ́n kọ @ sí lórí kíbọọ̀dù, tí n bá tẹ̀ ẹ́, àmì tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn sílẹ̀ ló ń gbé jáde. Ṣé àìsàn kan náà ni gbogbo ẹ̀?

Sharp_Sharp:
Power pack ni mà. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Atunkonputase:
Power pack kọ́ o jàre. Mummy, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tí ẹ bá ṣí ara kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ máa rí bátìrì pẹlẹbẹ kan lórí motherboard, ó rí roboto bí owó ẹyọ, òun ló ń bá kọ̀ǹpútà ka aago tí iná ò bá sí. CR2032 ni wọ́n ń pè é, 3V. Tí iná bá wà lára ògiri, bí ẹ tiẹ̀ ti shut down, power pack ṣì ń fún motherboard ní iná díẹ̀díẹ̀, aago á máa jẹ nínú ìyẹn, bátìrì á kàn jókòó tirẹ̀. Àmọ́ àwa tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí a tún máa ń pa á lára ògiri ká tó lọ sílé, bátìrì yẹn nìkan ló ń dá ru ẹrù láti alẹ́ di àárọ̀. Tókunbọ̀ sì tún ni, ta ló mọ iye ọdún tó ti lò lókè òkun kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ti Google yẹn, gbogbo wẹ́ẹ́bù ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Kọ̀ǹpútà yín rò pé 2012 la wà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ́dún yìí, lójú tiẹ̀, wọn ò tíì bí i, ayédèrú ló máa pè é. Kò sóhun tó ṣe íntánẹ́ẹ̀tì yín.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ pa á, ẹ fa wáyà iná yọ lẹ́yìn ẹ̀ pátápátá, ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án, ẹ dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú ẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀ kí ẹ tó kan nǹkan mìíì. Irin tín-ín-rín kan ló di bátìrì yẹn mú, ẹ fi èékánná tì í sẹ́yìn, bátìrì á fò sókè fúnra ẹ̀. Tuntun ń wọlé, ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì + ló ń kọjú sókè. Tí ẹ bá ráyè ẹni tó ní mítà kó bá yín wọn ti àtijọ́, tuntun máa ń ju 3V lọ díẹ̀, tó bá ti wá sí 2.5 báyìí ó ti parí. Tí ẹ bá tàn án, ẹ wọ BIOS, ìyẹn ibi ètò kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ kí Windows tó wọlé, F2 ni lórí Dell, F10 lórí HP, ẹ tún aago ṣe, ẹ save. Ó tán.

Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé Windows yín ṣì ń wọlé. Mo ti rí èyí tí bátìrì kú, BIOS gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ibi SATA, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá hard disk sọ̀rọ̀, yí padà láti AHCI sí RAID, Windows ò wọlé mọ́, ẹnì kan bá bá wọn format gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́fà dànù. Ohun tí wọn ì bá fi ìka kan dá padà.

Igbe píì píì yẹn, RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ló sábà máa ń jẹ́, eruku ti wọ ibẹ̀ ni. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín ìdí ẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà yẹn, jẹ́jẹ́ o, ẹ fẹ́ ìdọ̀tí rọ́bà kúrò, ẹ tì í padà títí ẹ fi máa gbọ́ “kà” lápá méjèèjì. Gbígbá tí ẹ gbá a ló jẹ́ kí RAM jókòó dáadáa lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ẹ má gbá a mọ́, tí hard disk tó ń yí bá wà nínú ẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ lè fi ìgbájú kan pa gbogbo project àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Omo_Ibadan_London:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ti kíbọọ̀dù yẹn, ìlú ọba níbí ló ti wá. Ẹ wo orí 3, tí ẹ bá rí £ níbẹ̀, ó dájú. Windows yín wà lórí US, ìyẹn ló fi gbé @ lọ sórí 2. Ẹ lọ sí ibi Language nínú Settings, ẹ fi English United Kingdom sí i, tí ẹ bá wá tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú spacebar, á máa yí láàárín méjèèjì. Kò kan bátìrì rárá.

Sharp_Sharp:
Ẹ gbà, mo ti sáré jù. Power pack ló ti jẹ èmi níyà rí ni mo ṣe ń dárúkọ ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n tà fún mi, bọ́tìnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀, 115 ló wà, mi ò wò ó, mo ki í bọ 230 wa. Ó dún gbàà, èéfín gba yàrá, ìyá mi rò pé gáàsì ló bú. Ẹni tó bá ra tókunbọ̀ kó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò.

IyaIbeji_Agbowo:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ra bátìrì lọ́wọ́ bàbá tó ń tún aago ọwọ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, ó roboto bí ẹ ṣe wí, mo fi sí i, ó kàn ń mì nínú ibẹ̀ ṣá. Àárọ̀ yìí a tún ti padà sí 2012. RAM ti dáa o, láti ọjọ́ tí mo ti fi rọ́bà nu ún kò ké mọ́. @ náà ti dé ilé ẹ̀.

Atunkonputase:
Kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn bátìrì yẹn mà?

IyaIbeji_Agbowo:
CR2025.

Atunkonputase:
Hẹn hẹn. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe orúkọ lásán. 20 ni bó ṣe fẹ̀, mìlímítà 20. 32 ni bó ṣe nípọn, 3.2. Èyí tí wọ́n tà fún yín, 2.5 ni, ó fẹ̀ bákan náà àmọ́ ó tín-ín-rín jù, kò kan irin yẹn dáadáa. Ẹ wá 2032 gan-an, kó wà nínú páálí ẹ̀ o, kì í ṣe èyí tó ti pẹ́ nínú ike láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀.

IyaIbeji_Agbowo:
Ó ti ṣe o! Òru ọjọ́ mẹ́ta nìyí, mo ń pa á lára ògiri, aago ò yẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ráyè dé Queen Cinema lọ rà á, inú rimóòtù mọ́tò baba ìbejì ni mo ti yọ ọ́, mo rí 2032 lára ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò báyìí, wọ́n ń kùn, mo ní màá rà á lọ́jọ́ Saturday.

Ẹnjiníà yẹn pè lónìí, ó ní òun ti rí motherboard, pé òun máa gbé ti àtijọ́ lọ tí òun bá fi tuntun sí i.

Atunkonputase:
Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi òkú ṣe.