Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èébú sí obìnrin lórí ayélujára: kí lojú yín ti rí?

Àdùkẹ́_Ń_Kọ̀wé: Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán mi: "Mo mọ ilé-ìwé tí ọmọ rẹ ń lọ. Bàtà rẹ̀ àná wù mí." Mo fẹjọ́ sùn. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé pé kò lòdì sí òfin. Ẹ̀rọ ni, èèyàn kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ṣọlá_ọ̀rọ̀: Èmi ni wọ́n tì síta ní tèmi, ọjọ́ 3 gbáko. "Obo yii rewa" ni mo kọ sábẹ́ àwòrán ọ̀bọ.

BabaÌbejì: 😂😂😂 Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o!

jumoke22: oko mi naa so bee

BabaÌbejì: Oko wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìyá_Tóyìn: Ẹ fi eré sílẹ̀. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ yẹn rí, à ń ka ọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ lè fi kọ́ṣẹ́. Àwa mẹ́ta là ń ka gbólóhùn kan, ohun tí méjì bá sọ ló jókòó. "Ilé ọkọ ni kó o lọ jókòó sí, olóṣèlú oṣì." Mo ní èébú ni. Ọkùnrin méjèèjì ní àwàdà ni. Ohun tí ẹ̀rọ kọ́ nìyẹn.

Kúnlé_K: Ẹ má bínú, àmọ́ àwàdà ni lóòótọ́. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ni yóò di èébú ni?

Ìyá_Tóyìn: Kúnlé, ṣé ìwọ ni ẹnì kẹta wa ni?

Akádá: Àjọ Amnesty tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà lo àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ́dún 2018 láti ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí obìnrin 778 lórí Twitter, àwọn oníròyìn àti olóṣèlú Bírítéènì àti Amẹ́ríkà. Ìṣirò wọn: tá a bá pín in dọ́gba, èébú tàbí ìyọlẹ́nu kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló fara gbá a jù.

Kúnlé_K: Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ta ló ka tiwa?

Akádá: AfriHate, 2025: àkójọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra àti èébú ní èdè Áfíríkà, tí èèyàn kà tí wọ́n sì pín sí ìsọ̀rí. Yorùbá wà lára èdè 15 ibẹ̀.

jumoke22: se won fi ami si?

Àdùkẹ́_Ń_Kọ̀wé: Ó tún ti dé o. 🌹 àti "Ẹ kú ọjọ́ ìbí ọmọ" ló kọ. Òní lọjọ́ ìbí rẹ̀ lóòótọ́, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbí.

BabaÌbejì: Háà.

Ìyá_Tóyìn: Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pamọ́ kẹ́ ẹ tó dínà mọ́ ọn. Ilé-ìwé náà gbọ́dọ̀ gbọ́ lónìí.