Òkúta tó ní kírísítálì nínú: ṣé òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti wá?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Mo kí gbogbo ilé. Ẹnì kan tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní Àjàṣẹ́ fi òkúta kan hàn mí. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó sì rí ṣágiṣàgi, ṣùgbọ́n kírísítálì ṣóńṣó aláwọ̀ elésè àlùkò ló kún inú rẹ̀. Ó ní inú òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti wà á. Èmi tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè náà kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni?

Ará Kétu: Rárá o, bó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó tà á fún un ló kọ́kọ́ purọ́. Granite, ìyẹn òkúta líle kan, ni òkè yín. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn ló ti tutù díẹ̀díẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ kò ráyè ṣe irú ihò bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀. Ametísítì ni kírísítálì àlùkò tí ẹ rí, inú basalt ni irú rẹ̀ tó wà nínú ihò òkúta sì ti sábà máa ń wá, ìyẹn òkúta yíyọ́ tó ṣàn jáde sórí ilẹ̀. Bí basalt bá ń tutù, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á fi ihò sílẹ̀; lẹ́yìn náà ni omi tó ní silica (èròjà tó wà nínú yanrìn) nínú á máa sun wọ inú ihò náà, á máa tò ó sí ara ògiri rẹ̀ ní ìpele ìpele, agate (silica líle tí kò ní ṣóńṣó) níta, quartz (kírísítálì náà fúnra rẹ̀) nínú, tí ṣóńṣó gbogbo wọn á kọjú sí àárín. Irin díẹ̀ tó wà nínú quartz, pẹ̀lú ìtànṣán tó ń ti ara àpáta jáde, ló ń sọ ọ́ di aláwọ̀ àlùkò. Púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ń ti Artigas ní Uruguay wá, tàbí Bràsíl (gúúsù rẹ̀ ni o, kì í ṣe Bahia àwọn Àgùdà), láti inú basalt tó ṣàn ní nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ ṣeun. Ẹni tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ náà tún ní ọ̀kan tó pọ́n bí ọsàn, ó sì pè é ní citrine.

Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́, Àjàṣẹ́: Ametísítì tí wọ́n fi iná yan ni ọ̀pọ̀ irú èyí, torí pé bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọ̀ àlùkò á di pupa rúsúrúsú. Kò burú bí ẹni tó ń tà á bá sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ họ ìgò: quartz á họ ọ́, calcite (òkúta mìíràn tó rọ̀ ju quartz lọ) kò ní lè họ ọ́. Bí ẹ bá sì ra ti àlùkò, ẹ má gbé e sójú fèrèsé, nítorí oòrùn á ṣí i láwọ̀.