Bíìlì iná àti gáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹ wo mítà kí ẹ tó wo iye owó

Ìyàwó Tuntun, Lewisham
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Lóṣù Kọkànlá ni èmi àti ọkọ mi kó wọ fúláàtì oníyàrá kan ní Lewisham. Bíìlì iná àti gáàsì wa àkọ́kọ́ dé lánàá, owó tí mo rí níbẹ̀ sì bà mí lẹ́rù gan-an. A kì í sí nílé lọ́sàn-án, a kì í sì í tan hítà mọ́jú. Ṣé kí n kàn san án ni, àbí mo lè bi wọ́n léèrè? Lẹ́tà mìíràn tún wà tí wọ́n kọ "The Occupier" (ẹni tó ń gbé ilé) sí lára. Mi ò tíì ṣí i.

Bàbá Ìbejì
Àbúrò mi, ẹ kú ìdé o, fọkàn balẹ̀. Má tíì wo iye owó yẹn. Wá ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà tí mítà kà (meter reading) sí nínú bíìlì náà, kí o wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí "estimated" tàbí lẹ́tà E, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ka mítà yín. Wọ́n méfò ni. Ohun tí àwọn tó gbé ilé náà ṣáájú yín ń lò ni wọ́n sì sábà máa ń fi méfò. Bí ó bá jẹ́ olọ́mọ mẹ́rin ló gbé ibẹ̀, tí hítà wọn ń jó tọ̀sán-tòru, bí wọ́n ṣe lò ó ni wọ́n á kà sí yín lọ́rùn.

Lọ ka mítà méjèèjì lónìí. Ya fọ́tò wọn, fi nọ́ńbà ránṣẹ́, kí o sì ní kí wọ́n tún bíìlì náà ṣe. Nọ́ńbà dúdú nìkan ni kí o kọ. Fi pupa sílẹ̀. Nọ́ńbà tí mítà wà lé lọ́jọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wo ìwé inventory (àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ilé) tí agent fún yín, ó sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ìṣirò bíìlì kò le bó ṣe rí lójú. Ohun méjì ni wọ́n ń gbowó lé. Àkọ́kọ́ ni yúnìtì tí ẹ lò, ìyẹn kWh (kilowatt-hour). Ìkejì ni standing charge, owó ojoojúmọ́ tí ẹ máa san bí ẹ ò tilẹ̀ tan gílóòbù kan. Iná ní tirẹ̀, gáàsì ní tirẹ̀. Wọ́n á wá fi VAT 5% lé gbogbo rẹ̀.

Gáàsì ló máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ wa, torí mítà gáàsì kì í ka kWh. Cubic metre ni ti òde òní ń kà, ilé-iṣẹ́ á wá ṣírò rẹ̀ sí kWh: cubic metre 1 tó nǹkan bíi kWh 11. Ṣùgbọ́n mítà àtijọ́ ṣì wà nínú àwọn ilé kan tó jẹ́ pé cubic feet ló ń kà, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, yúnìtì 1 tirẹ̀ sì lé ní kWh 31. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ mítà òde òní sílẹ̀ bíi mítà àtijọ́, owó gáàsì yín máa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan nínú ìjọ wa, ó sì dùn mí nítorí ó ti ń san án tipẹ́. Bí ẹ bá rí m³ lójú mítà, kí bíìlì yín náà sọ bẹ́ẹ̀.

Lórí "The Occupier", ṣí i lónìí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gba ilé ni ẹ ti di oníbàárà ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná síbẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ síwèé kankan. Deemed contract ni wọ́n ń pe ìyẹn. Gbèsè ẹni tó kó jáde kì í ṣe tiyín o; ẹ fi tenancy agreement (ìwé àdéhùn ilé) ránṣẹ́ kí wọ́n rí ọjọ́ tí ẹ wọlé. Lẹ́tà tí a bá pa tì ló ń di ọ̀rọ̀ àwọn agbowó-gbèsè lẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì Peckham
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa bá wa dá yín sí. Àbúrò, níwọ̀n bó ṣe jẹ́ fúláàtì ni, wo ohun kan sí i. Mítà gbogbo fúláàtì sábà máa ń wà pa pọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan nísàlẹ̀, wọ́n sì lè kọ ti aládùúgbò mọ́ ọ lórúkọ. Nọ́ńbà kan wà lára mítà fúnra rẹ̀, serial number. Rí i dájú pé òun náà ló wà nínú bíìlì. Lẹ́yìn náà, pa main switch fúláàtì yín, kí ọkọ rẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo mítà iná. Bí nọ́ńbà bá ṣì ń lọ sókè, mítà ẹlòmíràn lẹ ń san owó rẹ̀.

Awakọ̀ Tottenham
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i fún àwọn tó ń lo prepayment, ìyẹn mítà tí ẹ máa ń sanwó sí kí ẹ tó lo iná, torí ọ̀pọ̀ wa tó gba yàrá ló ń lò ó. Bí ẹ bá kó dé ilé tuntun, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ mítà tàbí káàdì tí ẹ bá nílẹ̀ ra iná. Gbèsè ẹni àná lè wà lórí rẹ̀, mítà á sì máa yọ ọ́ nínú owó yín díẹ̀díẹ̀. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n fún yín ní tiyín. Bí ẹ bá rin ìrìn àjò, standing charge kò dúró dè yín, ojoojúmọ́ ló ń jẹ owó lórí mítà. Ẹ fi owó sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀yin tí lándílọọ̀dù ń ta iná fún lọ́tọ̀ yàtọ̀ sí owó ilé, ẹ gbọ́ o: kò gbọdọ̀ ta á ju iye tí òun fúnra rẹ̀ rà á. Òfin Ofgem nìyẹn, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bíìlì tirẹ̀.

Ìyàwó Tuntun, Lewisham
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. E ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí iná àti gáàsì! Serial number bára mu. Ṣùgbọ́n switch kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù táǹkì omi, "immersion" ni wọ́n kọ sí i, iná pupa rẹ̀ sì ń tàn. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Peckham
Ha! Pa á kíákíá. Iná ló fi ń mú omi gbóná, nígbà tí bọ́ílà gáàsì yín ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà, owó yúnìtì iná sì ju ti gáàsì lọ dáadáa. 3 kW ni ọ̀pọ̀ wọn. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kWh 3 ti lọ. Gílóòbù LED 10 W ní láti tàn fún wákàtí 300 kó tó jẹ iye yẹn. Ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná ni kí ẹ ṣọ́: immersion, shower oníná, hítà kékeré, dryer. Kí ẹ máa bá ara yín jà lórí gílóòbù kò níláárí.

Bàbá Ìbejì
Òótọ́ ni. Àti pé price cap tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò, owó yúnìtì àti standing charge ló fi ààlà sí. Kò fi ààlà sí àpapọ̀ bíìlì yín. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni Ofgem ń yí i padà: oṣù Kìíní, Kẹrin, Keje, Kẹwàá. Nítorí náà, ẹ ka mítà ní ọjọ́ tó bá yí, kí wọ́n má baà ka yúnìtì oṣù tó kọjá sí owó tuntun.

Àbúrò, bí wọ́n bá kọ̀ láti tún un ṣe, kọ ìwé ẹ̀sùn, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, o lè gbé e lọ sí Energy Ombudsman, tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ iná, lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹni tí bíìlì àtijọ́ bá sì já lù lójijì: láti ọdún 2018, wọn kò lè gba owó iná tí ẹ lò ní ohun tó lé ní oṣù 12 sẹ́yìn, bí ẹ̀bi kò bá jẹ́ tiyín.

Ìyàwó Tuntun, Lewisham
Mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́, mo ti pa switch yẹn. Ìbéèrè kan ló kù, ẹ má bínú. Council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, náà ti dé. Akẹ́kọ̀ọ́ full-time ni ọkọ mi, èmi ni mo ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ "no recourse to public funds" sí físà wa, ìyẹn ni pé a ò lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè ẹ̀dínwó.

Nọ́ọ̀sì Peckham
Má bẹ̀rù, béèrè. Wọn kì í ka akẹ́kọ̀ọ́ full-time mọ́ àgbàlagbà inú ilé, wọn kì í sì í ka ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Britain tí físà rẹ̀ kò jẹ́ kó gba public funds, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n yọ ilé yín kúrò nínú owó náà pátápátá (exemption). Exemption yìí kì í ṣe public funds. Èyí tí o kò gbọdọ̀ béèrè ni Council Tax Reduction, tí wọ́n ń fún àwọn tí owó wọn kò tó. Ìyẹn wà lára public funds. Nítorí náà, ka fọ́ọ̀mù dáadáa. Kí ọkọ rẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ẹ fi sínú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kà á láti ọjọ́ tí ẹ kó wọlé.