Tuskegee: ta ló kọ́ ọ?

Ọmọ Bírìkìlà:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ní ká wá sọ ilé àtijọ́ tá a ti fojú ara wa rí ní Amẹ́ríkà. Tèmi ni Tuskegee, iléèwé gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní Alabama. Bírìkìlà ni bàbá mi n'Ìbàdàn, ibi yòówù kí n dé, ògiri ni mo kọ́kọ́ ń wò.

The Oaks la kọ́kọ́ wọ̀, ilé bíríkì pupa tí Booker T. Washington, olórí àkọ́kọ́ iléèwé náà, àti Margaret ìyàwó rẹ̀ gbé. Ibi tí Washington ti ń kàwé, ibi tó ń sùn, ìyẹn ni gbogbo àwọn tá a jọ wọlé ń bèèrè. Mo bi obìnrin tó ń mú wa káàkiri léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ tàn, àlàyé wá bẹ̀rẹ̀.

Robert R. Taylor ló yàwòrán ilé náà. Wilmington, ní North Carolina, ni wọ́n ti bí i ní 1868. Ẹrú ni Henry bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà àti ilé kíkọ́ ló sì ń ṣe. Ní 1892, ọmọ yìí gboyè jáde ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Massachusetts, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè níbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń mọ bíríkì iléèwé náà fúnra wọn. Ẹ má fojú kékeré wò ó o! Ààrò mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ sun tó bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ti fẹ́ jiná tán kó tó wó lóru. Kò sówó mọ́. Washington bá gbé aago rẹ̀ lọ sí Montgomery, ó fi dógò gba dọ́là 15, òun ni wọ́n fi sun ẹ̀kẹrin. Ẹ̀kẹrin jiná. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá fún un kọjá kó tó rówó gba aago padà, kò sì fojú kàn án mọ́. Ẹni tó bá ti sun bíríkì rí á mọ ohun tí mò ń sọ: bí iná ò bá kárí, òfò ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì iléèwé náà, tí Taylor yà, tí wọ́n parí ní 1898, gba bíríkì 1,200,000. Akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ ọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ló tò ó. Àárín ìsìn ni Taylor wà nínú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1942 tí àìsàn òjijì fi dá a wó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú. Lọ́dún 1957, àrá sán ba ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó jó kanlẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé mi ò lè rí i.

Ìyá Ìbejì Atlanta:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ṣé ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, èyí tí Paul Rudolph yà, tí wọ́n parí ní 1969? Ògiri rẹ̀ ń dagun lọ dagun bọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè wọlé. Wọ́n tún àwọn fèrèsé aláràbarà tó bá ti àkọ́kọ́ jóná ṣe, orin táwọn baba ńlá wọn ń kọ lóko ẹrú ló wà lára gíláàsì náà. Nígbà táwọn akọrin gbẹ́nu lé ọ̀kan níbẹ̀, ẹkún gbọ̀n mí.

Ọmọ Bírìkìlà:
Ìyá Ìbejì, wọ́n tì í lọ́jọ́ tá a lọ. Sàréè Washington tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan la rí. Taylor ò sí níbẹ̀, Wilmington ni wọ́n gbé e padà lọ sin. Ibẹ̀ ni mò ń gbèrò àtilọ báyìí. Ẹni tó bá mọ ìlú náà dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ síbí.